Ta ló ni ilé ìwòsàn náà? Àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ ajá alátọ̀gbẹ kan ní Kent

Àbúrò mi obìnrin ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí. Nọ́ọ̀sì ni, ó ń gbé pẹ̀lú ọkọ àti àwọn ọmọ rẹ̀ ní ìlú kékeré kan ní Kent, ní gúúsù ìlà-oòrùn England, wọ́n sì ní abo ajá Labrador kan tí wọ́n sọ ní Tanímọ̀la, tí gbogbo ilé ń pè ní Tání. Mo kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ nítorí àwọn ọmọ Yorùbá tó ń sin ajá tàbí ológbò ní Britain ń pọ̀ sí i, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò sì bá ara wọn níbi tí àbúrò mi bá ara rẹ̀: ẹran ń ṣàìsàn, owó ń jáde, wọ́n sì ní kí ènìyàn yan ilé ìwòsàn tó wù ú, nígbà tí kò tíì mọ ẹni tó ni èyí tó ń lọ.

Láti ìgbà tí Tání ti wà ní ọmọ ajá ni wọ́n ti ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan tó wà létí títì ọjà ìlú náà. Dókítà àgbàlagbà kan ló dá a sílẹ̀, orúkọ ìdílé rẹ̀ ló sì wà lára pátákó. Bàbá yìí mọ ajá náà dáadáa. Ó mọ̀ pé ó ń bẹ̀rù tábìlì gíga tí wọ́n fi ń yẹ ẹran wò, nítorí náà ó máa ń kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láti fọwọ́ kan inú rẹ̀. Nígbà tí bàbá fẹ̀yìn tì, àwọn dókítà mìíràn wọlé, ṣùgbọ́n pátákó kò yí padà, nọ́ńbà fóònù kò yí padà, ẹni tó ń gbàlejò níwájú náà ṣì wà níbẹ̀. Àbúrò mi gbà pé ọ̀kan nínú àwọn dókítà tó ti ń bá bàbá ṣiṣẹ́ ló jogún ibẹ̀. Ohun tó kíyè sí ni pé dókítà tó bá rí Tání lónìí kì í sábà jẹ́ ẹni tí yóò rí i nígbà mìíràn, àti pé owó tí wọ́n ń gbà ń gòkè láìsí ẹni tó ṣàlàyé ìdí rẹ̀.

Àìsàn dé lẹ́yìn àkókò tí abo ajá máa ń wá akọ. Tání bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi títí abọ́ yóò fi gbẹ, ó ń tọ̀ sí ilé ìdáná lóru, ó ń jẹun bí ẹni tí ebi ti pa fún ọ̀sẹ̀ kan, síbẹ̀ eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ń yọ. Ẹni tó bá ti ṣe nọ́ọ̀sì pẹ́ kò ní í wò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó fura sí àtọ̀gbẹ. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ rẹ̀ wò, ṣúgà sì pọ̀ nínú méjèèjì. Nínú abo ajá tí wọn kò tíì yọ ilé ọmọ àti ilé ẹyin rẹ̀, àwọn èròjà tí ara ń tú jáde lẹ́yìn àkókò yẹn máa ń dènà iṣẹ́ insulin, èyí tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà dókítà sọ pé ohun méjì ni ajá náà nílò: abẹ́rẹ́ insulin ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́, pẹ̀lú oúnjẹ, ní nǹkan bíi wákàtí méjìlá síra wọn, títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Àti iṣẹ́ abẹ láti yọ ilé ọmọ àti ilé ẹyin, nígbà tí ara rẹ̀ bá ti balẹ̀ díẹ̀.

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn NHS, ètò ìlera ìjọba Britain, lè lo ọ̀pọ̀ ọdún láìbéèrè iye tí ẹ̀jẹ̀ yíyẹ̀ wò jẹ́, nítorí aláìsàn kì í san án lẹ́nu ọ̀nà. Ti ẹran yàtọ̀. Lára rìsíìtì àkọ́kọ́ ni a ti rí owó rírí dókítà, owó ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò, owó ìtọ̀, owó ìgò insulin kan, owó síríǹjì, owó oúnjẹ pàtàkì kan, àti owó àsansílẹ̀ fún ọjọ́ kan tí ajá náà yóò wà ní ọ̀dọ̀ wọn láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n lè máa gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní wákàtí méjì-méjì láti mọ bí insulin ṣe ń ṣiṣẹ́. Inṣọ́ránsì tí wọ́n ní fún Tání yóò san nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní iye tí kò lè kọjá lọ́dún, àtọ̀gbẹ sì ń jẹ iye náà kíákíá. Wọn kò sì lè kó lọ sí inṣọ́ránsì mìíràn, nítorí tuntun kì í sábà gba àìsàn tó ti wà nílẹ̀ kí ènìyàn tó dé.

Ó ya fọ́tò rìsíìtì náà ránṣẹ́ sí mi, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo ìsàlẹ̀ ìwé yìí. Ta ni ìwọ̀nyí?" Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, nínú lẹ́tà wẹ́wẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà VAT, orúkọ ilé-iṣẹ́ kan wà tí àwa méjèèjì kò gbọ́ rí, àdírẹ́sì rẹ̀ sì wà ní ìlú mìíràn tó jìnnà. Mo wá a nínú ìwé àkọsílẹ̀ Companies House, tí ẹnikẹ́ni lè ṣí wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ibẹ̀ ni a ti rí i pé ilé ìwòsàn bàbá ti di ọ̀kan lára ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ ńlá kan tó ní ọ̀pọ̀ bẹ́ẹ̀ káàkiri Britain, àti pé ó ti pẹ́ díẹ̀ tí wọ́n ti rà á.

Kò sí òfin tí títà náà rú. Títí di 1999, dókítà ẹran nìkan ló lè ni ilé ìwòsàn ẹran ní Britain. Lọ́dún náà ni ìlànà yí padà, tí ẹni tí kì í ṣe dókítà, títí kan ilé-iṣẹ́ olówó ńlá, fi lè rà á. Ní 2013, nǹkan bí ìdá 10 nínú 100 àwọn ilé ìwòsàn wọ̀nyí ló wà lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ẹlẹ́ka púpọ̀; láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ó ti súnmọ́ ìdá 60. Mẹ́fà ni àwọn tó tóbi jù: CVS, IVC Evidensia, Linnaeus tó jẹ́ ti Mars, Medivet, Pets at Home àti VetPartners. Nínú nǹkan bí 5,000 ilé ìwòsàn ẹran tó wà ní gbogbo ilẹ̀ náà, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti ra nǹkan bí 1,500 láti 2013. Àjọ CMA, tó ń bójú tó ìdíje láàárín àwọn oníṣòwò, rí i ní 2024 pé mẹ́rin nínú àwọn mẹ́fà yìí kì í yí orúkọ ilé ìwòsàn tí wọ́n bá rà padà. Ohun tí àbúrò mi rò pé ó jẹ́ àìfiyèsí tirẹ̀ jẹ́ bí nǹkan ṣe ń rí fún ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Mi ò dá bàbá náà lẹ́bi. Ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ ilé ìwòsàn, tó ń dìde lóru nítorí màlúù àti ajá, tó sì fẹ́ sinmi, yóò wá ẹni tó lè san owó tó tó. Àwọn ọ̀dọ́ dókítà tó ń bá a ṣiṣẹ́ sábà máa ń ru gbèsè ilé-ẹ̀kọ́ gíga, iye tí ilé-iṣẹ́ ńlá ń gbé kalẹ̀ sì máa ń ga ju ohun tí báńkì yóò yá wọn lọ. Ohun tó dùn mí ni pé kò sí ẹni tó sọ fún àwọn oníbàárà, nígbà tó jẹ́ pé gbólóhùn kan lára pátákó ì bá ti tó.

Ó yẹ kí n sọ pé òfin tó ń darí iṣẹ́ yìí, tí wọ́n ṣe ní 1966, àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì ẹran ló wò. RCVS, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ wọn sílẹ̀, lè pe dókítà kan lẹ́jọ́ lórí ìwà àti iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀ lórí ilé-iṣẹ́ tó gbà á síṣẹ́. Ètò kan wà tó ń ṣàyẹ̀wò àwọn ilé ìwòsàn fúnra wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wù ló ń wọ̀ ọ́.

A jókòó lé ọ̀rọ̀ náà ní òpin ọ̀sẹ̀ kan, èmi lórí fóònù, òun pẹ̀lú rìsíìtì níwájú rẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tó wá sí i lọ́kàn ni kó lọ bá wọn dúnàádúrà. Àwa tí a dàgbà sí Ìbàdàn mọ ilé ìwòsàn ẹran ti ìjọba ní Mọ́kọ́lá, a sì mọ dókítà tó máa ń gbé báàgì rẹ̀ wá sílé láti gún ajá ní abẹ́rẹ́ tó ń dènà dìgbòlugi, tí a ó sì jọ sọ iye owó lójúkojú. Ní Britain, wọn kì í ná iye owó dókítà ẹran. Ohun tí ènìyàn lè ṣe ni pé kó béèrè iye owó lórí ìwé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kó sì gbé ìwé náà wé ti ẹlòmíràn. Nígbà tí CMA wò ó, ilé ìwòsàn tó lé ní ìdá 80 nínú 100 ni kò ní iye owó kankan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí náà ẹsẹ̀ àti fóònù ni àbúrò mi fi wá a.

Ilé ìwòsàn adádúró kan wà ní ìlú kejì. Dókítà ọkùnrin kan ló ni ín, àwọn dókítà méjì sì ń bá a ṣiṣẹ́. Ó kọ gbogbo ohun tí Tání yóò nílò fún ọdún kan ránṣẹ́. Nígbà tí a gbé ìwé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ohun tí a rí kò lọ sí apá kan ṣoṣo. Owó rírí dókítà níbi adádúró ga díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n àkókò tí wọ́n ń fún ènìyàn gùn jù. Owó iṣẹ́ abẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Owó ọjọ́ tí wọn yóò fi máa gba ẹ̀jẹ̀ ní wákàtí méjì-méjì kéré sí ti àkọ́kọ́ ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nínú ilé, èsì sì máa ń jáde kí ènìyàn tó kúrò níbẹ̀. Adádúró ń fi púpọ̀ ránṣẹ́ síta, ó sì di ọjọ́ kejì. Ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ ń ṣí ní ọjọ́ Sátidé títí di ìrọ̀lẹ́. Adádúró ń tì ní ọ̀sán. Ti àkọ́kọ́ ló tún súnmọ́ ilé jù, èyí kì í sì í ṣe ohun kékeré fún ìyá tó ń ṣiṣẹ́ òru.

Ọ̀rọ̀ òru ló yà mí lẹ́nu jù. Ìlànà RCVS sọ pé dókítà gbọ́dọ̀ ṣètò bí ẹran tó wà lábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀ yóò ṣe rí ìrànlọ́wọ́ pàjáwìrì ní gbogbo wákàtí, ṣùgbọ́n ó lè gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn. Àṣé ibì kan náà ni ilé ìwòsàn méjèèjì ń rán àwọn oníbàárà wọn lọ lóru. Ajá alátọ̀gbẹ tó bá gba insulin tí kò sì jẹun lè ṣubú lulẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀ nítorí ṣúgà tó já wálẹ̀, nítorí náà ibi tí a ó sáré lọ ní aago méjì òru ṣe pàtàkì ju àwọ̀ pátákó ẹnikẹ́ni lọ. Lórí èyí, yálà ó kúrò tàbí ó dúró, kò sí ìyàtọ̀.

Oògùn ni ìyàtọ̀ ti pọ̀ jù, kò sì nílò kí ènìyàn kúrò níbì kankan kó tó jàǹfààní rẹ̀. Bí oníbàárà bá béèrè, dókítà ẹran gbọ́dọ̀ kọ ìwé oògùn fún un láti lọ rà á níbòmíràn, bó tilẹ̀ lè gba owó fún kíkọ rẹ̀. CMA rí i pé nǹkan bí ìdá 25 nínú 100 àwọn tó ní ẹran ni kò mọ̀ pé èyí ṣeé ṣe, àti pé owó oògùn lè tó ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo owó tó ń wọlé fún ilé ìwòsàn ẹran. Ìgò insulin kan náà tí wọ́n tà fún àbúrò mi, nǹkan bí ìlàjì iye rẹ̀ ni ilé oògùn orí íntánẹ́ẹ̀tì kan tó wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ VMD, àjọ ìjọba tó ń bójú tó oògùn ẹran, ń tà á. Àmọ́ ẹni tó bá ń rà á fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣọ́ síríǹjì. Insulin tí wọ́n fún Tání ní ìwọ̀n 40 nínú mílílítà kan, ti ènìyàn sì sábà máa ń jẹ́ 100. Bí a bá fi síríǹjì ti 100 fa insulin ti 40 tí a sì ka ìlà ara rẹ̀, oògùn tí ajá yóò gbà kò ní tó ìlàjì ohun tó yẹ. Síríǹjì ti ènìyàn ni ọwọ́ àbúrò mi ti mọ́ níbi iṣẹ́, nítorí náà ó fi tépù pupa yí páálí síríǹjì Tání ká nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Ọ̀dọ́ dókítà obìnrin kan, ọmọ ilẹ̀ Spain, ló kọ ìwé oògùn náà fún un ní ilé ìwòsàn àkọ́kọ́. Kò bojú jẹ́, kò sì fà á sẹ́yìn. Òun fúnra rẹ̀ ló tún rán an létí ọ̀rọ̀ síríǹjì. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka èyí rántí dókítà yìí. Kì í ṣe òun ló ń fi iye owó lélẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹni tó ń gbàlejò níwájú, tó jẹ́ pé òun ni inú àwọn oníbàárà máa ń bí sí. Iṣẹ́ tó ń ba ọkàn jẹ́ ni, tí ènìyàn ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ẹran tó ń jẹ̀rora ní òwúrọ̀, tó sì tún ń gbọ́ èébú nítorí owó ní ọ̀sán.

Ìwádìí CMA bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 2023. Nǹkan bí 56,000 ènìyàn ló kọ̀wé sí wọn, èyí ló sì mú kí wọ́n ṣí ìwádìí kíkún ní oṣù Karùn-ún 2024. Nígbà tí wọ́n gbé ìpinnu ìṣáájú jáde ní oṣù Kẹwàá 2025, wọ́n ní owó ìtọ́jú ẹran ti gòkè ní ìdá 63 nínú 100 láàárín 2016 sí 2023, àti pé ní ìpíndọ́gba, ẹni tó ń lọ sí ilé ìwòsàn ilé-iṣẹ́ ńlá ń san ìdá 16.6 nínú 100 ju ẹni tó ń lọ sí adádúró lọ. Wọ́n dábàá pé kí ilé ìwòsàn máa gbé iye owó rẹ̀ síta, kó máa sọ ẹni tó ni ín, kó máa kọ iye owó sílẹ̀ ṣáájú ìtọ́jú tó bá ju 500 pọ́n-ùn lọ, kí owó kíkọ ìwé oògùn má sì ju 16 pọ́n-ùn lọ. Ìpíndọ́gba ni ìdá 16.6 yẹn o. Adádúró tó gbówó lórí wà, ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń ṣe dáadáa sì wà. Ohun tí nọ́ńbà náà sọ fún wa ni pé ó tọ́ láti béèrè. Kò lè bá wa yan ilé ìwòsàn kan ní Kent.

Àbúrò mi kó Tání lọ sí ọ̀dọ̀ adádúró. Owó kọ́ ló mú un ṣe é, nítorí ìwé oògùn ti dín èyí tó wúwo jù nínú owó náà kù ní ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Àtọ̀gbẹ ló sọ pé ó mú un. Àìsàn yìí ń fẹ́ ẹni tó rí ajá náà ní oṣù tó kọjá, tó mọ iye insulin tó ń gbà, tó mọ̀ pé kì í fẹ́ jẹun ní ọjọ́ tí ààrá bá sán, tó sì lè fi ojú wo ara rẹ̀ kó sọ pé ó ti sanra díẹ̀. Ní ilé ìwòsàn àkọ́kọ́, gbogbo ìgbà ló ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ajá tó le dáadáa ni, tí abẹ́rẹ́ àjẹsára ọdọọdún nìkan ló ń gbé e lọ gbà, èmi ì bá ní kó dúró síbi tó súnmọ́ ilé.

Kíkó lọ náà kò le. Ilé ìwòsàn tuntun kọ̀wé béèrè àkọsílẹ̀ ìtọ́jú Tání, àwọn ti àkọ́kọ́ sì fi í ránṣẹ́. Inṣọ́ránsì kò yí padà, nítorí wọn kò so ó mọ́ ilé ìwòsàn kan. Ibi tí ó ti fẹ́ ṣòro ni ètò owó oṣooṣù tí wọ́n fi ń san abẹ́rẹ́ àjẹsára àti oògùn eégbọn: ẹni tó bá kúrò kí ọdún tó pé ní láti san ìyàtọ̀ láàárín ohun tó ti gbà àti ohun tó ti san. Ó ní kí wọ́n kọ ìṣirò náà fún òun, ó san án, ó sì gba rìsíìtì.

Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ, insulin tí Tání ń gbà sì ti wálẹ̀. Ṣùgbọ́n awọ funfun ti ń bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì, bí ó ti ń ṣe ọ̀pọ̀ ajá alátọ̀gbẹ. Dókítà tuntun ní amọ̀ṣẹ́ ojú ló lè ṣe é, ilé ìwòsàn tí òun máa ń rán àwọn ènìyàn lọ sì jẹ́ ti ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, nítorí àwọn ló ní ẹ̀rọ àti amọ̀ṣẹ́ ojú tó súnmọ́ jù. Ó sọ orúkọ ẹni tó ni ibẹ̀, ó sọ iye tí wọn yóò gbà láti kọ́kọ́ wo ojú náà, ó tún fún un ní àdírẹ́sì ilé ìwòsàn kejì tó jìnnà. Àbúrò mi yan èyí tó súnmọ́.

Kí ó tó kúrò níbẹ̀ ni ó bi dókítà náà ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi bàbá àkọ́kọ́: nígbà tí ẹ̀yin náà bá fẹ̀yìn tì ńkọ́? Dókítà ní lẹ́tà àwọn tó fẹ́ ra ibẹ̀ ti ń wọlé. Ó ní ohun tó wu òun ni pé kí àwọn dókítà méjì tó wà lọ́dọ̀ òun rà á, bí báńkì bá lè yá wọn lówó, ṣùgbọ́n òun kò lè ṣèlérí ìyẹn. Èyí tí òun lè ṣèlérí ni pé gbogbo oníbàárà yóò rí lẹ́tà gbà kí òun tó fọwọ́ sí ìwé kankan. Àbúrò mi ní kí wọ́n jọ̀wọ́ kọ ìlérí náà sínú fáìlì Tání, dókítà sì tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà níwájú rẹ̀.